Kóńgò Tí Ìdí Rẹ̀ Wọnú

Kóńgò ni àwọn obìnrin ọjà fi ń wọn gaàrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì. Bí ọlọ́jà kan bá fi òòlù lu ìdí kóńgò tirẹ̀ títí ó fi wọnú, tí ó sì ń fi í wọn gaàrí fún àwọn oníbàárà láti àárọ̀ di alẹ́, iye kan náà ni yóò máa bọ́ sínú àpò olúkúlùkù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rà kò ní í gbà ju ẹni tí ó rà kẹ́yìn lọ. Kóńgò náà kò yí padà, kò sì ṣe ojúsàájú; síbẹ̀síbẹ̀ irọ́ ni ó ń pa fún gbogbo wọn. Ó ń jẹ́ kóńgò kan, kò sì gba ẹ̀kún kóńgò kan.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú àpẹẹrẹ kékeré yìí. Ohun méjì ni ó yẹ kí a máa bèèrè nípa òṣùwọ̀n yòówù. Èkíní ni pé, ṣé bákan náà ni ó ń wọ̀n nígbà gbogbo? Èkejì ni pé, ṣé ohun tí a ní ó ń wọ̀n gan-an ni ó ń wọ̀n? Èkíní ni a lè pè ní àìyẹ̀ òṣùwọ̀n. Èkejì ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ó bá ń yẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò yẹ̀ rárá lè wà láìfẹsẹ̀múlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kóńgò ọlọ́jà yìí.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ gaàrí ni, kò le. Ẹni tí ó bá fura yóò gbé kóńgò tirẹ̀ wá láti ilé, a ó da gaàrí sí i, irọ́ yóò sì tú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ọkàn àti ìwà ènìyàn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí ọgbọ́n rí, kí ó wá mọ gígùn àti ìbú rẹ̀. Ìbànújẹ́ kò ṣe é gbé ka orí ìwọ̀n. Àmì nǹkan wọ̀nyí nìkan ni a ń rí: ọmọ dáhùn ìbéèrè, ó gbàgbé orúkọ, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Láti ara àmì ni olùwádìí ti ń ṣe ìdájọ́ nípa ohun tí ó fara pamọ́ sínú. Bí àmì bá ti yà kúrò lára ohun náà, àṣìṣe ti wọlé nìyẹn, ẹ̀dá ènìyàn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi pín ìfẹsẹ̀múlẹ̀ sí oríṣiríṣi, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà tí àṣìṣe lè gbà wọlé, kí wọ́n sì dúró dè é níbẹ̀.

Ní ìlú Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Wilhelm von Osten. Olùkọ́ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ẹṣin kan tí ó ń jẹ́ Hans, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé. Nígbà tí ó yá, òkìkí ẹṣin náà kàn káàkiri. Bí a bá bi í pé, “Mẹ́ta àti márùn-ún, mélòó ni?” yóò fi pátákò ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, yóò sì dúró. Ó ń ro iye pọ̀, ó ń yọ iye kan kúrò nínú òmíràn, ó sì ń fi lílu pátákò sọ ọjọ́ tí oṣù jẹ́. Ẹni tí ó ni ín kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wá wòran.

Ní 1904, a yan ìgbìmọ̀ kan láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf sì ni aṣáájú wọn. Wọ́n wò ó títí, wọn kò rí ẹ̀tàn kankan. Òtítọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí pé von Osten kì í ṣe oníjìbìtì. Òun fúnra rẹ̀ gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ẹṣin òun mọ ìṣirò.

Oskar Pfungst, ọmọ ẹ̀yìn Stumpf, ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀nà tí ó gbà ni pé ó ń yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Ó kọ́kọ́ ní kí àwọn ẹlòmíràn máa bi ẹṣin ní ìbéèrè dípò olúwa rẹ̀. Hans ṣì ń gbà á. Lẹ́yìn náà, ó ṣètò kí ẹni tí ń béèrè má mọ ìdáhùn ìbéèrè tí òun fẹ́ bi í. Ibẹ̀ ni Hans ti ṣubú. Ṣàṣà ni ìdáhùn rẹ̀ tí ó tọ̀nà mọ́. Ó tún fi nǹkan bo ẹ̀gbẹ́ ojú ẹṣin kí ó má baà rí ẹni tí ń bi í. Hans tún kùnà. Nígbà náà ni àṣírí tú. Bí ènìyàn bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán, yóò tẹ orí díẹ̀ láti wo pátákò ẹṣin. Bí iye tí ó ń retí bá ti pé, orí rẹ̀ yóò gbé sókè díẹ̀, díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Hans mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ti rí i, yóò dá pátákò dúró. Ní 1907 ni Pfungst tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde.

Hans kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo ìgbìmọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí a ní ó ní kọ́ ni ó ní. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti okùnfà: bí a bá ní ohun báyìí ni ó fa ohun báyìí, ṣé òun ni ó fà á lóòótọ́, àbí ohun mìíràn wà tí a kò kà sí? Nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí lónìí, a kì í jẹ́ kí ẹni tí ń bi ènìyàn ní ìbéèrè mọ èsì tí a ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe lórí ẹṣin lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àṣìṣe lórí ènìyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ní 1905, ní ìlú Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon ṣe àkójọ ìbéèrè kan láti fi mọ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ iléèwé ń ni lára, kí a lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Binet kò gbà pé iye tí ọmọ bá gbà ni òṣùwọ̀n ọgbọ́n àbínibí tí kò lè lé sí i láéláé. Ó tilẹ̀ bá àwọn tí ó ń rò bẹ́ẹ̀ wí. Nígbà tí ìdánwò náà rékọjá òkun dé Amẹ́ríkà, ìtumọ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ fún un. Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní ní 1917. Robert Yerkes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò méjì fún àwọn ọmọ ogun. Alpha ni ti àwọn tí ó mọ̀wé kà. Beta, tí ó jẹ́ ti àwòrán, ni ti àwọn tí kò mọ̀wé kà tàbí tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó ṣe é tó 1,750,000. Ohun tí Yerkes sọ pé òun ń wọ̀n ni ọgbọ́n tí a bí mọ́ ènìyàn. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ọ̀nà kìíní ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti ojú: ṣé ìdánwò náà jọ ohun tí a pè é? Ti àwọn ọmọ ogun yìí jọ ọ́ dáadáa. Ìwé títẹ̀ ni, ó ní àkókò tirẹ̀, ó ní máàkì tirẹ̀. Ìrísí báyìí ní ìwúlò, nítorí ẹni tí ìdánwò bá jọ eré lójú rẹ̀ kò ní í fi ọkàn ṣe é. Ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí tí ó rọ jù lọ. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú náà jọ kóńgò.

Ọ̀nà kejì ni ti àkóónú: ṣé ìbéèrè inú rẹ̀ kárí ohun tí a fẹ́ wọ̀n, ṣé kò sì fa ohun àjèjì wọlé? Olùkọ́ tí ó kọ́ ọmọ ní orí mẹ́wàá, tí ó wá mú gbogbo ìbéèrè láti inú orí kan, ti rú òfin yìí. Nínú Alpha, a bi ọmọ ogun pé, kí ni Crisco: ṣé oògùn ni, tàbí ohun tí ń pa kòkòrò, tàbí ọṣẹ ìfọyín, tàbí ohun jíjẹ? Ọ̀rá ìdáná kan tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ni. A bi í pé, kí ni Christy Mathewson fi di olókìkí: ṣé ìwé kíkọ ni, tàbí àwòrán yíyà, tàbí bọ́ọ̀lù àfigigbá, tàbí àwàdà? Nínú Beta, a ya pápá tẹ́nìsì tí kò ní àwọ̀n, a sì ya ẹ̀rọ giramafóònù tí kò ní fèrè. A wá ní kí ọkùnrin náà ya ohun tí ó kù. Ẹni tí ó jẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ítálì tàbí Rọ́ṣíà, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, níbo ni yóò ti rí pápá tẹ́nìsì? Bí ó bá kùnà, ṣé ọgbọ́n ni kò ní, àbí pápá ni kò dé?

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀rí ìta: ṣé àbájáde ìdánwò bá ẹ̀rí mìíràn mu? Ẹ̀rí yìí lè jẹ́ ti òní, bí ìgbà tí a bá fi máàkì akọ̀wé wé iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ ti ọ̀la, bí ìgbà tí a bá dúró di ọdún kan láti mọ̀ bóyá àwọn tí ó yege ni iṣẹ́ yẹ lóòótọ́. Àwọn tí ó ṣe ìdánwò ọmọ ogun fi máàkì wé èrò tí àwọn ọ̀gá ní nípa ọmọ ogun abẹ́ wọn, wọ́n sì rí i pé méjèèjì ń sún mọ́ra. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Ẹni tí ó pẹ́ ní iléèwé yóò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ó sì ṣeé ṣe kí èdè tí ó gbọ́ yékéyéké mú un wu ọ̀gá rẹ̀. Bí a bá fi kóńgò kan tí a lù nídìí wé òmíràn tí a lù, wọn yóò bá ara wọn mu.

Ọ̀nà kẹrin ni ó jinlẹ̀ jù, òun ni ti kókó: ṣé ohun tí a dárúkọ ni ó wà lábẹ́ máàkì náà? Lee Cronbach àti Paul Meehl ni ó ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná ní 1955. Àlàyé wọn fi hàn pé ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. A ó kọ́kọ́ rò ó pé, bí òṣùwọ̀n yìí bá ń wọn ohun báyìí ní tòótọ́, kí ni ó yẹ kí ó bá a rìn, kí ni kò sì yẹ kí ó bá a yí? Lẹ́yìn náà ni a ó lọ wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí Alpha àti Beta bá ń wọn ọgbọ́n àbínibí, iye ọdún tí àtìpó ti lò ní Amẹ́ríkà kò yẹ kí ó yí máàkì rẹ̀ padà, nítorí ọjọ́ tí a bí ènìyàn ni a bí ohun àbínibí mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn àtìpó bá ti pẹ́ sí ní Amẹ́ríkà ni máàkì wọn ń ga sí. Bákan náà, àwọn aláwọ̀ dúdú láti àwọn ìpínlẹ̀ àríwá kan, níbi tí iléèwé ti dára jù, gbà ju àwọn aláwọ̀ funfun láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kan lọ. Ẹ̀rí yìí wà nínú ìwé àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà fúnra wọn. Ní 1924, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan, Horace Mann Bond, kọ̀wé láti fi àṣìṣe náà hàn gbangba.

Nígbà náà, ohun tí ìdánwò yìí ń wọ̀n jù ni bí ènìyàn ti mọ iléèwé àti ìgbé ayé Amẹ́ríkà tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtumọ̀ tí gbogbo onímọ̀ fún un nìyẹn. Carl Brigham tẹ ìwé kan jáde ní 1923. Òun náà rí i pé àwọn àtìpó tí ó pẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà ju àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni pé ẹ̀yà tí ọgbọ́n wọn kéré ni ó pọ̀ láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti gúúsù àti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Gaàrí ni ó dá lẹ́bi. Kò yí ìdí kóńgò wò.

Ní 1924, Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dín iye àwọn tí ó lè wọlé láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn kù gidigidi. Ìwé Brigham nìkan kọ́ ni ó bí òfin náà, nítorí àwọn tí ń pè fún un ti ń pè tipẹ́; ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn fi ìdánwò ọmọ ogun ṣe ẹ̀rí. Ní 1930, Brigham fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ láàárín ẹ̀yà kò tọ̀nà, àti pé ìwádìí òun kò ní ìpìlẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ètò tí ó fi orílẹ̀-èdè ènìyàn pín àyè ìwọlé kò kúrò nílẹ̀ títí di 1965, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tí ilẹ̀kùn náà tì mọ́ ìta kò sì mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ́rìí lòdì sí wọn ti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ó ku oríṣi kan, òun ni ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ti ibi gbogbo: ohun tí a rí níhìn-ín, ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́hùn-ún? Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Láàárín àwọn Kpelle ní ilẹ̀ Làìbéríà, Michael Cole, Joseph Glick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1971. Glick ròyìn pé a kó ogún nǹkan síwájú àgbẹ̀ kan: oúnjẹ, irinṣẹ́, aṣọ àti ohun èlò ìdáná. A ní kí ó kó èyí tí ó bá ara wọn tan jọ. Àwọn olùwádìí ń retí pé yóò kó oúnjẹ pọ̀ mọ́ oúnjẹ, irinṣẹ́ mọ́ irinṣẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe ní ìlú tiwọn. Àgbẹ̀ yìí fi ọ̀bẹ ti ọsàn, ó fi ọkọ́ ti ànàmọ́. Ọ̀bẹ ni a fi ń gé ọsàn. Ọkọ́ ni a fi ń wú ànàmọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n ń ṣe é. Nígbà tí ó sú olùwádìí, ó béèrè pé, báwo ni òmùgọ̀ yóò ti ṣe é? Lójú ẹsẹ̀, àgbẹ̀ kó oúnjẹ jọ, ó kó irinṣẹ́ jọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń retí láti àárọ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ní 1961, Dókítà Adéoyè Lámbò àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ṣe ìwádìí nípa àìsàn ọkàn ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé ẹ̀bá rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó bá orúkọ tí àwọn oníṣègùn òyìnbó fún àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè àmì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àìrí oorun sùn àti àìlè jẹun, àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n dáadáa. Bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n túmọ̀, tí wọ́n sì fi béèrè kiri, wọn ì bá padà lọ ròyìn pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò sí níhìn-ín, ẹni tí kò rí oorun sùn ì bá sì máa jẹ̀rora rẹ̀ lọ láìrí olùrànlọ́wọ́.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí èyí sọ pé kí a kó gbogbo ìdánwò dànù. Ọjà kò ṣe é ná láìsí kóńgò, iléèwé àti ilé ìwòsàn kò sì ṣe é ṣe láìsí òṣùwọ̀n. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹni tí ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kọ́kọ́ fi ìbéèrè wọ̀nyí yẹ ẹ́ wò. Ṣé ó jọ ohun tí a pè é? Ṣé àkóónú rẹ̀ kárí? Ṣé ẹ̀rí ìta gbè é lẹ́sẹ̀? Ṣé kókó tí a dárúkọ ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣé okùnfà tí a sọ ni okùnfà? Ṣé yóò rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn? Ọmọ tí a fi èdè tí kò gbọ́ bi ní ìṣirò, tí ó sì gba òdo, a kò tí ì mọ̀ bóyá ó mọ ìṣirò tàbí kò mọ̀ ọ́n. Máàkì kò lè sọ fún ni ohun tí òun ń wọ̀n. Ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Kí a tó bínú sí gaàrí pé kò tó, ẹ jẹ́ kí a yí ìdí kóńgò wò.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àìyẹ̀ òṣùwọ̀n àti ìfẹsẹ̀múlẹ̀ rẹ̀? Lo àpẹẹrẹ tìrẹ, tí kì í ṣe ti kóńgò.
2. Ìgbìmọ̀ 1904 kò rí ẹ̀tàn kankan lọ́dọ̀ von Osten. Kí ló dé tí ìdájọ́ wọn kò fi tó láti fi hàn pé Hans mọ ìṣirò?
3. Dárúkọ ìbéèrè méjì nínú Alpha tàbí Beta, kí o sì sọ ìdí tí wọn kò fi yẹ fún wíwọn ọgbọ́n àbínibí.
4. Ẹ̀rí wo ni ó wà níwájú Brigham tí ó ṣì túmọ̀?
5. Ṣàlàyé ìtumọ̀ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí bí a ti lò wọ́n: (a) ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, (b) kó ọ̀rọ̀ jẹ, (d) gbè é lẹ́sẹ̀.
6. Kọ àròkọ kan lórí àkọlé yìí: “Ìdánwò ìparí ọdún ni òṣùwọ̀n ọgbọ́n ọmọ iléèwé.” Ṣé o fara mọ́ ọn tàbí o kò fara mọ́ ọn?